Oògùn Tó Yẹ Kó Ṣáájú Oyún

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò oyún, ilẹ̀ kì í mọ́ tán kí àwọn aláboyún Ìsàlẹ̀ Èkó tó jáde nílé. Láti Ìdúmàgbò, láti Òkè Pópó, láti Ìta Fájì àti Adéníji Àdélé ni wọ́n ti ń bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì méjì, tí wọ́n ń yà fún alábàárù tó ru ìdì aṣọ lórí, tí wọ́n ń rọra sọdá gọ́tà. Ọwọ́ kan di báàgì mú, èkejì wà níbàdí. Ẹlòmíràn wọ gáùn gbàgẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn ró ìró àǹkárá, ẹlòmíràn fi híjáàbù bo ikùn mọ́lẹ̀ títí dé orúnkún. Bí ẹ bá wò dáadáa, ẹ ó rí píìnì kékeré kan létí aṣọ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìyá ọkọ tàbí ìyá tó bí wọn ló fi há a níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ikùn kọ́kọ́ yọ, tó ní kí wọ́n má ṣe rìn lọ́sàn-án gangan láìsí i lára, kí nǹkan burúkú má baà lọ bá ọmọ nínú.

Tí wọ́n bá dé ọgbà ilé ìwòsàn, orí bẹ́ǹṣì gígùn ni wọ́n máa ń jókòó sí, orúnkún kan orúnkún. Káàdì wọn wà nínú ọ̀rá kí òógùn má baà bà á jẹ́. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ooru Èkó kò gbọ́ tirẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan á dá orin, gbogbo bẹ́ǹṣì á gbè é, àtẹ́wọ́ á máa ró, àwọn tí oyún wọn ti ga á dìde jó díẹ̀ kí wọ́n tó jókòó padà. Lẹ́yìn orin ni ọ̀rọ̀ ìlera: ẹ máa sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ẹ máa jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́, bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró dọ̀la. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ.

Ìyàwó kan tí kò tíì tó ọmọ ọdún 25 jókòó síwájú tábìlì. Nọ́ọ̀sì ṣí káàdì rẹ̀.

"Oyún ẹ ti tó oṣù mélòó, ìyàwó?"

"Ó ti wọ oṣù karùn-ún, mà."

"Kí ló dé tó ò tètè wá?"

"Ẹ má bínú, mà. Ìyá ọkọ mi ló ní ká jẹ́ kó fìdí múlẹ̀ ná."

Nọ́ọ̀sì ò bá a jà. Ó mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Oyún kì í ṣe ohun tí à ń polówó. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó fọwọ́ kan ikùn, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú káàdì. Nígbà tó kan ibi tí wọ́n ti ń gba oògùn, ọ̀rá kékeré méjì ni wọ́n gbé lé ìyàwó lọ́wọ́. Èyí tó wà nínú ọ̀kan jẹ́ pupa, ìyẹn ni èròjà irin fún ẹ̀jẹ̀. Èkejì ni fólíìkì, oríṣi fítámì kan.

Ẹ gbé ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó. Àwọ̀ ìyeyè ni, ó rí roboto, kò tó èékánná ọmọńdinrín. Kò rùn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní adùn kan lẹ́nu. Bí ọwọ́ bá ní òógùn, àwọ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ awọ ara, á fi àmì pọ́ńkán sílẹ̀. Owó tí èèyàn fi ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbi tí kò jìnnà lè ra èyí tí yóò lò fún ọjọ́ púpọ̀.

"Ọ̀kan lóòjọ́," ni nọ́ọ̀sì wí. "Má ṣe jẹ́ kó fò ọ́ o."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣé."

Oògùn yìí yóò ṣe é lóore. Oyún a máa fa ẹ̀jẹ̀ ìyá gan-an, fólíìkì sì wà lára ohun tí ara fi ń pèsè ẹ̀jẹ̀ tuntun. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí àwọn dókítà kárí ayé torí rẹ̀ ń bẹ obìnrin pé kó lo fólíìkì, iṣẹ́ náà sì ti parí nínú ìyàwó yìí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fura pé bóyá òun ti lóyún.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ilé ọmọ bí àwọn onímọ̀ ṣe rí i. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ lẹ́yìn tí oyún dúró, ọlẹ̀ kò tíì lójú, kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Ohun pẹlẹbẹ kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan bẹ̀rẹ̀ sí nípọn. Wọ́n ga sókè lọ́tùn-ún àti lósì, àárín wọn sì tẹ̀ wọnú. Etí méjèèjì á máa sún mọ́ra, bí ìgbà tí ẹni tó fẹ́ sè mọ́ínmọ́ín bá ń ká ewé rẹ̀ pọ̀ kó tó bu ẹ̀wà lílọ̀ sí i, títí wọ́n á fi pàdé, tí wọ́n á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Ibi ọrùn ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń pàdé, ní nǹkan bí ọjọ́ 22. Láti ibẹ̀, pípàdé náà á máa lọ sókè, á sì máa lọ sísàlẹ̀. Ẹnu òkè, níbi tí ọpọlọ yóò wà, máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 25. Ẹnu ìsàlẹ̀, níbi ìbàdí, máa ń pa dé ní nǹkan bí ọjọ́ 28. Ohun tó jáde láti inú iṣẹ́ yìí ni ọ̀pá oníhò kan tí awọ ẹ̀yìn bò mọ́lẹ̀. Òun ni yóò di ọpọlọ, òun náà ni yóò di mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn, tó ń gbé iṣẹ́ tí ọpọlọ bá rán lọ sí ẹsẹ̀, sí àpò ìtọ̀, sí ibi gbogbo. Nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀, ọlẹ̀ náà látòkè délẹ̀ kò tíì gùn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà.

Ẹ wá ṣírò ọjọ́ náà sórí ara ìyá. Lọ́jọ́ tí ọ̀pá yìí pa dé tán, nǹkan oṣù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ méjì pẹ́ ni. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, obìnrin tó ń tajà láti àárọ̀ dalẹ́ lè rò pé wàhálà ló fà á. Ó lè rò pé ibà ni, kó yà lọ sọ́dọ̀ kẹ́mísìtì kó ra oògùn. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Kò tíì sí píìnì létí aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọmọ náà.

Bí ẹnu òkè kò bá pa dé, ọpọlọ kò ní lè dàgbà bó ṣe yẹ, agbárí kò sì ní bò ó. Anencephaly ni wọ́n ń pè é. Òmíràn nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ á ti kú kí wọ́n tó bí i. Èyí tó bá wáyé, wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀ ló máa ń lò. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni kò pa dé, spina bifida nìyẹn, ọmọ tó ní in sì lè yè.

Ọmọ tí wọ́n bí pẹ̀lú èyí tó le jù nínú spina bifida kì í fi ojú jọ aláìsàn. Tí ẹ bá rí i tó dojú kọ yín lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ẹ ó yọ̀ fún ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, irun rẹ̀ kún, igbe rẹ̀ lọ sókè dáadáa. Tí wọ́n bá fi ọmú sí i lẹ́nu, á mu ún. Ìgbà tí agbẹ̀bí bá yí i padà láti nù ún lẹ́yìn ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúró. Lókè ìdí, níbi tó yẹ kí awọ ti tẹ́jú, nǹkan kan wú jáde tí omi wà nínú rẹ̀. Awọ tó bò ó fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gbà á kọjá. Láàárín gbùngbùn rẹ̀, awọ kò sí rárá. Ibẹ̀ pupa, ó tutù, omi mímọ́ gaara ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ọmọ náà nìyẹn, tó wà níta. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, awọ ọmọ tuntun tún dán, ó sì pé, bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí agbẹ̀bí bá fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà lè má mira. Ìgbà mìíràn, ẹsẹ̀ méjèèjì á ti wọ́ sínú.

Ohun tó kàn ni pé kí wọ́n fi aṣọ ìwẹ́gbò tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀ ilé ìwòsàn bò ó, kí wọ́n má jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n dojú ọmọ délẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ kíákíá, nítorí pé bí kòkòrò bá gba ibẹ̀ wọlé, ọpọlọ ló ń lọ. Láti Erékùṣù Èkó, ọ̀nà náà gba orí afárá Carter, ó gba Ìdó àti Yábà, ó dé Ìdí-Àràbà tí ilé ìwòsàn LUTH wà. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí ló yẹ kí wọ́n ti pa ẹ̀yìn náà dé. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ni omi tún máa ń gbá jọ sí lórí, àwùjẹ̀ á wú, orí á máa tóbi, wọ́n á sì ní láti fi rọ́bà tín-ín-rín kan sínú láti máa fa omi náà lọ sí ikùn. Ó dín ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn tí irú iṣẹ́ yìí dé ilẹ̀ Yorùbá lọ́wọ́ ọmọ Yorùbá. Látúndé Odẹ́kù, ọmọ Awẹ́, tí wọ́n bí ní ọdún 1927, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ. Ọdún 1962 ló dé ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì ti tọ́ àwọn mìíràn sọ́nà, títí kan Adélọlá Adélóyè ará Ìkọ̀lé-Èkìtì, kó tó kú ní ọdún 1974. Iṣẹ́ wọn ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ là. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀bẹ tó lè dá iṣan tó ti bàjẹ́ nínú oyún padà. Ọmọ tó bá yè lè máa fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lè má sí níkàáwọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ lè máa fi rọ́bà fa ìtọ̀ fún un lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́.

Ìyá yìí kan náà ni àdúgbò máa ń dá lẹ́jọ́. Ẹnìkan á ní ayé ló ṣe é. Ẹnìkan á ní ó rìn lóòrùn ọ̀sán, ẹnìkan á ní ó ṣẹ̀ ẹnìkan. Àwọn ará ilé ọkọ lè bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé irú èyí kò sí nílé àwọn rí. Obìnrin tí ara rẹ̀ kò tíì le láti orí ìkúnlẹ̀ á máa wá inú ara rẹ̀ kiri, á máa ka ọjọ́ padà sẹ́yìn, pé ìgbà wo lòun ṣe ohun tí kò dáa. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí mọ̀ pé kò sí ọwọ́ ọ̀tá níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ohun tí ara nílò tí kò rí tó, tàbí ohun tó wọ inú ara tó dí iṣẹ́ lọ́wọ́, tàbí àbùdá tí tọkọtaya jọ gbé wá láìmọ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Kí etí méjèèjì tó lè pàdé, sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ máa pọ̀ sí i kíákíá. Sẹ́ẹ̀lì kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ṣe àdàkọ DNA rẹ̀ pátá kó tó pín. Fólíìkì ló ń gbé èròjà tí ara fi ń mọ DNA tuntun wá. Tí kò bá tó, àdàkọ á falẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kò ní pọ̀ tó, ọjọ́ kò sì ní dúró dè wọ́n. Iṣẹ́ kejì tún wà. Fólíìkì àti fítámì B12 ló jọ ń yí ohun kan tó ń jẹ́ homocysteine padà sí ohun tó wúlò, tí ara sì ń fi ìyẹn sàmì sí àwọn àbùdá pé kí èyí ṣiṣẹ́, kí èyí dákẹ́. Bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bá wọ́n, homocysteine á gbá jọ sínú ẹ̀jẹ̀, àmì kò sì ní lọ déédéé. Ìdí nìyí tí ẹja, ẹyin àti ẹran, tí B12 ti ń wá, fi ní ipa tiwọn pẹ̀lú ẹ̀fọ́. Àwọn kan tún gbé àyípadà kan wá nínú àbùdá tí wọ́n ń pè ní MTHFR, tí kì í jẹ́ kí ara lo fólíìkì bó ṣe yẹ; kò wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀ tó bó ṣe wọ́pọ̀ níbòmíràn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ayé mọ èyí. Ní ọdún 1931, dókítà obìnrin kan, Lucy Wills, ń tọ́jú àwọn aláboyún ní Bombay ní ilẹ̀ Íńdíà, tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti gbẹ. Ó fún wọn ní èròjà tí wọ́n fà jáde lára ìwúkàrà, ara wọn sì yá. Ní ọdún 1941, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà lọ ẹ̀fọ́ spinach tọ́ọ̀nù mẹ́rin kí wọ́n tó rí fólíìkì díẹ̀ yọ nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n rí i pé aminopterin, oògùn tó ń dí fólíìkì lọ́wọ́, ń ba ọlẹ̀ jẹ́ nínú. Ní ọdún 1965, Elizabeth Hibbard àti Richard Smithells ní Liverpool tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn ìyá tó bí ọmọ aláàbọ̀ ara ni ara wọn kò fi bẹ́ẹ̀ lo fólíìkì dáadáa. Èyí tó pa ẹnu gbogbo ayé mọ́ jáde ní ọdún 1991. Ìwádìí náà kó obìnrin 1,817 jọ láti ilé ìwòsàn 33 ní orílẹ̀-èdè méje, gbogbo wọn ló sì ti lóyún irú ọmọ yìí rí. Wọ́n fún àwọn kan ní fólíìkì mílígíráàmù mẹ́rin lójúmọ́ kí oyún tó dé. Nínú oyún 1,195 tí wọ́n mọ ibi tó parí sí, ọmọ 27 ní àléébù yìí: 6 láàárín àwọn tó lo fólíìkì, 21 láàárín àwọn tí kò lò ó. Ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún ewu náà ló dín kù. Wọ́n dá ìwádìí dúró kó tó parí, torí pé kò tọ́ mọ́ kí wọ́n fi oògùn náà du ẹnikẹ́ni. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Hungary fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún obìnrin tí irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí rí pẹ̀lú.

Tí a bá wá wo ilé ìdáná Ìsàlẹ̀ Èkó, fólíìkì kò jìnnà sí wa. Ó wà nínú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń tà ní Ẹbútè Èrò, ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú. Ó wà nínú ẹ̀wà, tí a ń jẹ lóríṣiríṣi, láti orí ẹ̀wà àgànyìn títí dé orí frejon tí àwọn Àgùdà ń fi wàrà àgbọn sè lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ti ìyá tó ń se ẹ̀fọ́ ṣọkọ kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ já ewé, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú abọ́ rọ́bà, ó wá da omi gbígbóná lé e lórí, ó bò ó. Nígbà tó ṣí i, ewé ti rọ̀, omi ti di àwọ̀ ewé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bù ú, ó fún un, ó tún un fún, títí tí ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀fọ́ fi di ìdì kékeré tó le. Omi náà ń ṣàn láàárín ìka rẹ̀. Ó gbé abọ́, ó sì da gbogbo rẹ̀ sí gọ́tà. Ó ń mú kíkorò kúrò ni, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Àmọ́ inú omi ni fólíìkì ń yòrò sí, iná sì ń bà á jẹ́, apá tó pọ̀ nínú ohun tó wà lára ewé náà ti bá omi lọ. Ewédú ló sàn jù níbi tọ́rọ̀ dé yìí: inú omi tí a fi sè é náà la ti ń fi ìjábẹ̀ lù ú, omi náà la sì ń jẹ. Bí a bá fọ ẹ̀fọ́ kí a tó gé e, tí a kò jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, tí a sì lo omi rẹ̀ nínú ọbẹ̀, èrè wà níbẹ̀. Síbẹ̀, oúnjẹ nìkan ṣòro láti gbára lé fún ìwọ̀n tí oyún ń fẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́.

Àgbàdo náà gba ìṣọ́ra. Àgbàdo tí ọ̀rinrin mú máa ń hu irú èéhù kan, èéhù náà sì ń tu májèlé fumonisin, tí àwọn onímọ̀ South Africa dá mọ̀ ní ọdún 1988. Wọ́n ti rí i lára àgbàdo Nàìjíríà pẹ̀lú. Májèlé yìí ń da ọ̀rá tó wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì rú, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu ọ̀nà tí fólíìkì ń gbà wọlé wà. Ní ọdún 1990 sí 1991, ọmọ anencephaly pọ̀ lójijì ní Brownsville, ní ààlà Texas àti Mẹ́síkò, láàárín àwọn tó ń jẹ oúnjẹ àgbàdo lójoojúmọ́. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e nawọ́ ìfura sí fumonisin. Àwa tó ń mu ògì láàárọ̀, tó ń jẹ ẹ̀kọ lálẹ́, ẹ jẹ́ ká máa ṣa àgbàdo. Èyí tó bá dúdú, tó hu, tó rùn, kò yẹ kó wọ inú omi ògì, ká má ṣe ní rírẹ àti fífọ̀ yóò mú gbogbo rẹ̀ lọ.

Oògùn náà gba ìṣọ́ra, pàápàá èyí tí a ń rà ní Ìdúmọ̀tà. Ẹni tó bá gba àárín àwọn ilé oògùn ibẹ̀ kọjá yóò rí páálí tó ga dé àjà, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń ju páálí síra wọn lọ́wọ́, oníbàárà tó ń pe orúkọ oògùn láìgbé ìwé dókítà dání. Lára ohun tí wọ́n ń pè ni Fansidar fún ibà àti Septrin fún inú. Àwọn méjèèjì ń pa kòkòrò nípa pé wọ́n ń dí i lọ́wọ́ láti lo fólíìkì. Ìdí nìyí tí àwọn dókítà kì í fi fún aláboyún ní irú Fansidar tó ń dènà ibà títí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò fi kọjá, tí kò sì dáa kí obìnrin tó ń retí oyún máa ra irú wọn fúnra rẹ̀. Oògùn wárápá tó ń jẹ́ valproate ń mú ewu yìí pọ̀ sí i. Obìnrin tó ń lò ó kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀, kó lọ bá dókítà rẹ̀ kí oyún tó dé. Ìtọ̀ ṣúgà tí kò sí ní ìkáwọ́, àti kí ara gbóná janjan ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn, náà ń mú ewu yìí pọ̀ sí i. Ní ilé oògùn kan náà, fólíìkì wà níbẹ̀, ó sì wà lára ohun tí owó rẹ̀ kéré jù.

Ìjọba àwọn orílẹ̀-èdè kan ti gbé oògùn náà lọ bá àwọn èèyàn nínú oúnjẹ. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di dandan ní ọdún 1998 pé kí wọ́n fi fólíìkì sí ìyẹ̀fun, South Africa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2003, irú àwọn ọmọ yìí sì dín kù ní orílẹ̀-èdè méjèèjì. Nàìjíríà náà ní ìlànà pé kí fólíìkì wà nínú ìyẹ̀fun àlìkámà. Èyí dára fún ẹni tó ń jẹ búrẹ́dì. Àmọ́ gàárì kò sí níbẹ̀, ògì tí a ṣe nílé kò sí níbẹ̀, àmàlà kò sí níbẹ̀. Ohun tó pọ̀ jù nínú àwo wa ni ìlànà yìí kò tíì kàn.

Erékùṣù Èkó ti pẹ́ nídìí ìtọ́jú ìyá àti ọmọ. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ọ̀dàn ti wà láti ọdún 1893. Ní òpópónà Massey ni Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, ọmọ Àgùdà tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1910, tó di dókítà ní ọdún 1938, ti tọ́jú àwọn ìyá àti ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Láyé ìgbà tirẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó lè sọ fún ìyá pé kó lo oògùn kan kí ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ lè pa dé. Láyé tiwa, a ti mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni fólíìkì lè dènà, ṣùgbọ́n ó lè dènà apá tó pọ̀ jù, nígbà tó bá dé lásìkò.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde kúrò ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin alága ìdúró àti alága ìjókòó, lọ́jọ́ ìdána tí ẹ bá ń to oyin, orógbó, ataare àti iyọ̀ síwájú ìyàwó, ẹ fi páálí fólíìkì kan sí i, kí ẹ sì sọ ohun tó wà fún. Ẹ̀yin àlùfáà tí ẹ ń so yìgì, ẹ̀yin pásítọ̀ tí ẹ ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹ sọ ọ́ fún tọkọtaya kí wọ́n tó lọ sílé. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ pa àṣírí oyún mọ́ bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí fólíìkì ṣáájú àṣírí náà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ rà á wálé. Gbogbo obìnrin tó lè lóyún, yálà ó ń retí rẹ̀ tàbí kò retí rẹ̀, máíkrógíráàmù 400 ni ìwọ̀n tirẹ̀ lójúmọ́, ó kéré tán láti oṣù kan ṣáájú oyún títí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò fi pé. Mílígíráàmù márùn-ún tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa jẹ́ ìlọ́po méjìlá ààbọ̀ ìyẹn, ó sì lè dín agbára Fansidar tí wọ́n ń fún aláboyún kù, nítorí náà ẹ béèrè ìwọ̀n lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí oníṣègùn òyìnbó. Ẹni tó bá ti bí ọmọ tó ní àléébù yìí rí, ìwọ̀n tirẹ̀ ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà ni kó lọ bá kó tó tún lóyún.

Ẹni tó bá ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó sì ń tọ́ ọ lọ́wọ́, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè àlàyé. Ẹ bá a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, ẹ má bá a wá ẹni tó ṣe é. Ẹni tó ṣì ń bọ̀ wá lóyún, ẹ jẹ́ kó gbọ́ báyìí, torí bó bá dúró dìgbà tí ikùn yọ, ọjọ́ 28 yóò ti kọjá.